Bí A Ṣe Ń Jáwọ́ Nínú Bárakú: Oṣù Mẹ́ta Àkọ́kọ́ ní Kùtọ́nù

Ẹni tó ti ń mu sódábì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ láti ọdún mélòó kan kò gbọdọ̀ ṣàdédé jí lọ́jọ́ Ajé kó ní òun ò fẹnu kan ọtí mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí lè ya ìyàwó tó ti ń gbààwẹ̀ nítorí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ó sì lè bí bàbá tó ti bá ọmọ rẹ̀ wí títí nínú, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Nínú gbogbo ohun tó máa ń di bárakú fún ènìyàn, ọtí wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí jíjáwọ́ nínú rẹ̀ lójijì lè gbẹ̀mí ẹni. Ọkùnrin lè búra ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kí gìrì mú un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí àwọn ará ilé sì gbà pé ayé ló dìde sí i. Ọtí tó ń kúrò lára rẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe ń rí fún ẹni tó ń jáwọ́ nínú ọtí tàbí nínú tramadol nílùú Kùtọ́nù yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ìdílé mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ìpinnu nìkan kọ́ ló ń gbé ènìyàn la oṣù mẹ́ta yìí já. Ètò ni. Ara ní ètò tirẹ̀, ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àwọn ará ilé náà sì ní tiwọn. Níbi tí ètò wà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì dúró ṣinṣin pàápàá lè là á já. Níbi tí kò sí ètò, ẹni tó búra ní ìgbà méje lè padà síbi tó ti ń bọ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ohun tó wà nílẹ̀

Ẹmu ọ̀pẹ ni wọ́n ń sè tí wọ́n fi ń rí sódábì. Ìtàn tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń sọ ni pé ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Sodabi, tó bá àwọn Faransé jagun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ló rí bí wọ́n ṣe ń se ọtí lọ́hùn-ún, tó padà délé tó sì fi ẹmu dán an wò. Ìjọba amúnisìn fòfin dè é nígbà kan, ṣùgbọ́n ọtí náà kò parẹ́. Lónìí, ó wà níbi ìgbéyàwó, ó wà níbi ìsìnkú, ó wà nínú ìgò tí wọ́n rẹ egbò àti èèpo igi sí lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ní ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí àti ẹ̀yìn dídùn. Bíà sábà máa ń ní nǹkan bí ìdá 5 ọtí nínú ọgọ́rùn-ún. Sódábì sábà máa ń ní ìdá 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ife kékeré méjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Tramadol ní tirẹ̀ kì í ṣe ohun ìgbádùn níbẹ̀rẹ̀. Oògùn ìrora ni, ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló kọ́kọ́ tà á lọ́dún 1977. Mílígíráàmù 50 tàbí 100 ni dókítà sábà ń kọ fún aláìsàn lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ ọjọ́ kan kì í sì í ju 400 lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó gbòde ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni hóró 200 àti 225, tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń gun zémidjan, alùpùpù akérò, láti ìdájí títí di alẹ́ ń lò ó kí ẹ̀yìn má bàa dùn ún. Alábàárù ní ọjà Dantokpa ń lò ó kí ẹrù lè fúyẹ́ lórí rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún wọn ní oṣù àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà.

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, Jacques Chirac, ààrẹ ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀, wá sí Kùtọ́nù láti pe ayé sí ogun lórí ayédèrú oògùn. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, àwọn agbófinró wọ Adjégounlè, àgbègbè tí wọ́n ti ń ta oògùn lẹ́bàá Dantokpa, wọ́n sì kó oògùn tó ju tọ́ọ̀nù 80 lọ. Lọ́dún 2018, ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí ọ̀pọ̀ tramadol yìí ti ń wá nígbà náà, fi oògùn náà sábẹ́ òfin oògùn olóró. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó ọjà lọ, ara ẹni tí oògùn ti mọ́ lára kò bá ọjà lọ. Ẹni tó jí tí kò rí oògùn rà bẹ̀rẹ̀ ìjáwọ́ lọ́jọ́ náà láìròtẹ́lẹ̀, láìsí dókítà, láìsí ará ilé tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù, ilé ìwòsàn àti ìdílé ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ọtí máa ń fa ọpọlọ sẹ́yìn: ó ń mú ẹ̀rù rọlẹ̀, ó ń mú oorun wá. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kún un kó lè bá ọtí dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ife kan tó ń pa ènìyàn tẹ́lẹ̀ fi di ife mẹ́rin. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tí a bá wá mú ọtí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, eré àsápajúdé tí ọpọlọ ń sá kò ní dúró lójú ẹsẹ̀. Kò sí ohun tó ń fà á sẹ́yìn mọ́. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa já, òógùn á máa bò ó, gìrì sì lè tẹ̀ lé e. Kì í ṣe àìlera ọkàn, kì í sì í ṣe èpè.

Kí ọjọ́ ìjáwọ́ tó dé

Ìbẹ̀rẹ̀ gidi ni ìṣirò. Kí ẹni náà àti ẹnìkan tó fọkàn tán jókòó, kí wọ́n ka iye tó ń mu lójúmọ́, láìfi ọ̀kan pamọ́. Bíà wà nínú ìṣirò. Ẹmu wà níbẹ̀. Tchoukoutou, ọtí ọkà bàbà, wà níbẹ̀. Sódábì tí wọ́n rẹ egbò sí wà níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní oògùn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n dáhùn àwọn ìbéèrè yìí. Ṣé ó gbọ́dọ̀ mu láàárọ̀ kí ọwọ́ tó dẹ́kun gbígbọ̀n? Ṣé gìrì ti mú un rí nígbà tó gbìyànjú láti jáwọ́? Ṣé ó ti rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, tàbí gbọ́ ohùn tí kò sí, lọ́jọ́ tí kò rí ọtí mu? Ṣé ó ń lo diazepam tàbí tramadol mọ́ ọtí? Ṣé ó ní àrùn ẹ̀dọ̀, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé aboyún ni?

Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ilé kọ́ ni ibi tí yóò ti jáwọ́. Títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, kí aboyún tó ń lo tramadol má sì dá a dúró fúnra rẹ̀, nítorí ìnira tó bá ìyá lè ṣe oyún léṣe. Ilé ìwòsàn tó wà ládùúgbò ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Láti ibẹ̀ wọ́n lè darí wọn sí ilé ìwòsàn ńlá Hubert Koutoukou Maga, tàbí sí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Jacquot. Mo mọ̀ pé orúkọ Jacquot ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Wọ́n rò pé wèrè nìkan ló ń wọ ibẹ̀, àti pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kò ní rí ìyàwó fẹ́. Àwọn dókítà tó mọ bí a ṣe ń mú ọtí kúrò lára ènìyàn wà nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ìtìjú ọ̀sẹ̀ kan sì sàn ju ìsìnkú lọ.

Níwájú nọ́ọ̀sì, kí òtítọ́ pé. Ẹni tó ń mu ìgò kan tó sọ pé ife méjì ni òun ń mu ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, nítorí iye tó bá sọ ni wọn yóò fi wọn oògùn tí wọ́n máa fún un. Tó bá jẹ́ hóró ló ń lò, kí ó kó èyí tó kù nínú páálí dání, kí dókítà lè fi ojú ara rẹ̀ rí orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: iṣẹ́ ara

Fún ẹni tó ń jáwọ́ nínú ọtí, wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn ife ìkẹyìn ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ọwọ́ gbígbọ̀n, òógùn, èébì, orí fífọ́, àìróorunsùn, ìbẹ̀rù tí kò nídìí. Láàárín wákàtí 6 sí 48 ni gìrì lè mú un. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni èyí tó léwu jù lè dé: ara rẹ̀ á gbóná, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, á máa sọ kántankàntan, kò ní mọ ibi tó wà, á máa rí kòkòrò tàbí ènìyàn lára ògiri. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fi àdúrà òru nìkan yanjú. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí ó ń pani bí kò bá sí ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ tó ń jáwọ́ kì í débẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bójú tó dáadáa láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ewu tirẹ̀ dín kù gan-an. Lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje, èyí tó pọ̀ jù nínú ìnira ara ti ń lọ sílẹ̀.

Ohun méjì ni dókítà sábà ń fún un. Èkíní ni diazepam tàbí irú rẹ̀, tó ń gba ipò ọtí nínú ọpọlọ fún ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n á sì máa dín kù lójoojúmọ́ títí yóò fi tán. Dókítà nìkan ló ń ṣe èyí. Ẹni tó bá ra diazepam lójú ọjà tó sì mu ún mọ́ sódábì tàbí mọ́ tramadol lè sùn kó má jí mọ́, nítorí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dín èémí kù. Èkejì ni fítámì B1. Ọ̀mùtí kì í jẹun dáadáa, ọtí kì í sì í jẹ́ kí fítámì yìí wọ ara. Bí ó bá tán pátápátá, ọpọlọ lè bàjẹ́ tí kò ní ṣeé tún ṣe, ẹni náà á wá máa gbàgbé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà ń fún un ní B1 kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára.

Fún tramadol, ọ̀nà tó dára jù ni kí dókítà máa dín ìwọ̀n rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dúró lójijì, láàárín ọjọ́ kan ni imú á máa da, ojú á máa ṣomi, ara á máa ro, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, òtútù àti ooru á máa gba ara lọ́wọ́ ara wọn. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tramadol ní ìwà mìíràn tí àwọn oògùn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀: ó lè mú kí àyà já ènìyàn gidigidi tàbí kó máa rí ohun tí kò sí, ẹni tó sì ń lo ìwọ̀n ńlá lè ní gìrì. Bí kò bá sí àìsàn mìíràn, ìnira yìí fúnra rẹ̀ kì í sábà pani, ṣùgbọ́n gbígbẹ omi ara lè pani. Bí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bá pọ̀, kí wọ́n po ṣíbí tíì kékeré mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi mímọ́ kan, kí ṣíbí má kún kọjá etí, kí wọ́n sì máa fún un mu díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó wà nílé pẹ̀lú àṣẹ dókítà kò gbọdọ̀ dá wà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí àwọn ará ilé pín ọ̀sán àti òru láàárín ara wọn. Oúnjẹ tó rọ̀ ni kó máa jẹ, ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja, díẹ̀díẹ̀ àti lọ́pọ̀ ìgbà. Kí iná má mọ́lẹ̀ jù, kí ariwo má pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú gbèsè tàbí ìjà àtijọ́ wá síwájú rẹ̀. Tó bá jẹ́ oníkẹ̀kẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí gìrì kì í dúró dé orí bẹ́ẹ̀dì kó tó mú ènìyàn. Bí gìrì bá mú un, kí wọ́n yí i kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí wọ́n kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, kí wọ́n má fi ṣíbí tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí wọ́n sì wá ọkọ̀.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, àdúrà àti ìbákẹ́gbẹ́

Àwọn ìdílé kan wà tí ojú ti pọ́n débi pé wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọmọ wọn mọ́lẹ̀ kó má bàa rí ibi ra oògùn. Ìfẹ́ ló sábà wà nídìí rẹ̀, àti àìní ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dè kò lè tọ́ka sí ibi tí ń dùn ún, gìrì lè mú un nínú ìdè, nígbà tí wọ́n bá sì tú u sílẹ̀, kò tíì kọ́ bí a ṣe ń gbé ọjọ́ kan láìmu. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan, Grégoire Ahongbonon, tó ń tún táyà ṣe nígbà kan ní Bouaké ní Côte d'Ivoire, ló fi ayé rẹ̀ jìn láti máa tú àwọn alárùn ọpọlọ kúrò nínú irú ìdè bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ Saint Camille tó dá sílẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ní ibùdó nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ náà, ní Avrankou lẹ́bàá Àjàṣẹ́ àti ní Bohicon. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn, oúnjẹ, ìwẹ̀ àti iṣẹ́ ṣe kò nílò irin lẹ́sẹ̀.

Ilé ìjọsìn ní ipa tirẹ̀. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run wá, tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́dún 1947, kò gba ọtí àti sìgá láàyè fún ọmọ ìjọ. Ìsìláàmù náà ka ọtí léèwọ̀. Fún ẹni tó ń jáwọ́, àwùjọ tí kò sí ẹni tó máa fi ife lọ̀ ọ́ jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ńlá. Kí ó lọ, kí wọ́n sì gbàdúrà fún un. Ohun tí mo ń bẹ àwọn wòlíì àti àwọn ààfáà ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti rí dókítà, kí wọ́n má sì ṣe ní kí ẹni tó ń gbọ̀n gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ lè dúró de oṣù tó ń bọ̀.

Ohun tí ìdílé lè ṣe kì í ṣe àbá lásán. Ní 1954, ọmọ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta tí àwọn dókítà káàkiri àgbáyé wá wò. Dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó wà ní àyíká, ìbátan kọ̀ọ̀kan sì ń bá aláìsàn rẹ̀ gbé ibẹ̀ láti máa se oúnjẹ fún un àti láti máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ohun tí Lámbò mọ̀ nígbà náà ṣì jẹ́ òótọ́: aláìsàn tí ará ilé rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ ń yára rí ọ̀nà padà sílé.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì: iṣẹ́ ojoojúmọ́

Ọ̀sẹ̀ kejì ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ọwọ́ kò gbọ̀n mọ́, oúnjẹ ti ń wọlé, ojú ti ń dán. Ẹni náà á ní òun ti bọ́, àwọn ará ilé á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ kò tíì tún ara rẹ̀ ṣe tán. Fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, oorun lè máa já, inú lè máa bàjẹ́ láìnídìí, ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ lè má dùn mọ́. Kí wọ́n ti sọ fún un ṣáájú pé yóò rí bẹ́ẹ̀ àti pé yóò kọjá. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé báyìí layé òun yóò ṣe máa rí láìsí ọtí, á sì padà.

Òùngbẹ ọtí tàbí ti oògùn á máa dé, nígbà mìíràn pẹ̀lú agbára tó ń dẹ́rù bani. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé òùngbẹ yìí kì í dúró pẹ́; bí kò bá gbà fún un, kì í sábà ju ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ kó tó rọlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà kò ju pé kí ó kọjá ìdajì wákàtí yẹn: kí ó mu omi, kí ó rìn, kí ó wẹ̀, kí ó pe ẹnìkan lórí fóònù. Àwọn tó ti ń rin ọ̀nà yìí tipẹ́ ní Amẹ́ríkà kọ́ ara wọn láti bi ara wọn ní ìbéèrè mẹ́rin tí òùngbẹ bá dé: ṣé ebi ń pa mí ni? Ṣé inú ń bí mi ni? Ṣé mo dá wà jù ni? Ṣé ó ti rẹ̀ mí ni? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wọ aṣọ òùngbẹ. Oúnjẹ ń yanjú ti ebi, oorun ń yanjú ti àárẹ̀, ẹnìkejì ń yanjú ti ìdáwà.

Kí ó tún ọ̀nà rẹ̀ tò. Bí ó bá jẹ́ pé láti Dantokpa dé ilé, ibùdó onísódábì mẹ́ta ló ń kọjá, kí ó wá ọ̀nà mìíràn, bí ó tilẹ̀ jìn. Jonquet, àdúgbò tó kún fún ilé ọtí, lálẹ́ kì í ṣe ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ ń lọ kí ọ̀rẹ́. Owó ojoojúmọ́ náà ń fẹ́ ètò: oníkẹ̀kẹ́ ń gba sẹ́fà lọ́wọ́ láàárín ọjọ́, owó tó bá sì wà nínú àpò láago méje alẹ́ ti mọ ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Kí ó san àjọ láàárọ̀, kí ó fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sílé lọ́sàn-án, kí ìwọ̀nba owó epo nìkan ló kù lálẹ́. Kí ó pa nọ́ńbà ẹni tó ń ta hóró fún un rẹ́, kí ó má sì ṣe fi ẹyọ kan pamọ́ nítorí “ọjọ́ tó bá le.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló le jù ní Kùtọ́nù, nítorí òkú ṣíṣe. Kí ó má lọ síbi ayẹyẹ ní oṣù àkọ́kọ́ bí ó bá ṣeé ṣe. Kí ó fi owó ẹ̀bùn rán ẹlòmíràn. Bí ó bá gbọ́dọ̀ lọ, kí ó jẹun yó kó tó kúrò nílé, kí ẹni tí kì í mu bá a lọ, kí wọ́n sì tètè padà. Kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà lẹ́nu kí wọ́n tó gbé ife dé: “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Dókítà ti ní n kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.” Gbólóhùn yìí tó. Kò sí ìdí láti rojọ́. Ní ti ètùtù ìdílé, kí ó lọ bá olórí ẹbí ṣáájú ọjọ́ náà. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé omi tútù ní iyì tirẹ̀ níwájú àwọn baba ńlá; àgbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ fún tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lè fún ọmọ ní omi láti ta sílẹ̀, kí ẹlòmíràn sì ta ọtí.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ní àsìkò yìí ni kí ó rí ẹnìkan tó ti la ohun kan náà kọjá. Ní 1935, nílùú Akron ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́, Bill Wilson, rí i pé ọtí ń pe òun. Dípò kí ó mu, ó wá ọ̀mùtí mìíràn láti bá sọ̀rọ̀, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan, Bob Smith. Nínú ìjíròrò àwọn méjèèjì yìí ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí wọ́n ṣe kò nílò gbọ̀ngàn. Ènìyàn méjì tó gbà láti máa sọ òtítọ́ fún ara wọn lójoojúmọ́ ti tó láti bẹ̀rẹ̀, ní àdúgbò Akpakpa tàbí ní Gbégamey. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ẹni náà lè mọ ẹni tó lè bá a pàdé.

Bí ẹsẹ̀ bá kọ

Ọ̀pọ̀ ni yóò fẹsẹ̀ kọ. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó gba ìtọ́jú bárakú, nǹkan bí 40 sí 60 ló ń padà sí i láàárín ọdún kan. Ó fi wé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ikọ́ fée, níbi tí 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń padà sínú ìnira torí wọn kò tẹ̀ lé ìtọ́jú délẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lé ẹlẹ́jẹ̀ ríru jáde nílé nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ru. Wọ́n ń mú un padà lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Onímọ̀ kan ní Seattle, Alan Marlatt, ló ṣàlàyé ohun tó ń sọ ife kan di ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó mu ife kan á sọ fún ara rẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, òun kò wúlò, nítorí náà kò sí ohun tó ń dá òun dúró mọ́. Ìtìjú yẹn ló ń mu ìgò tó kù. Nítorí náà, ìdílé gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ ṣáájú pé: “Bí o bá mu, wá sọ fún wa lọ́jọ́ náà gan-an. A ò ní pariwo.” Kí wọ́n sì mú ìlérí náà ṣẹ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n jọ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀: ibo ló wà, ta ló wà níbẹ̀, kí ló ń ṣe é ní wákàtí tó ṣáájú? Ìdáhùn rẹ̀ ni wọn yóò fi tún ètò ṣe.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fi pamọ́. Ara tó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń lo hóró mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan kó tó jáwọ́, tó bá padà sí mẹ́rin lọ́jọ́ kan, pàápàá mọ́ ọtí, èémí rẹ̀ lè dúró. Bí wọ́n bá bá a nílẹ̀ tí kò ṣeé jí, tí ètè rẹ̀ ti ń dúdú, tí èémí rẹ̀ ń fà, kí wọ́n yí i kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró, kí wọ́n sì sọ ohun tó lò fún dókítà. Naloxone wà, oògùn tó lè dá èémí rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n àfi bí dókítà bá tètè mọ̀.

Ohun tí ìdílé máa ṣe

Ẹni tó ń jáwọ́ ti parọ́, ó ti jẹ gbèsè, ó ti lè ta ohun ìní ìyàwó rẹ̀. Ìbínú ará ilé tọ́. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gbàgbé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n fi ìṣirò yẹn sí ọjọ́ tó jìnnà. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò gba ìjẹ́jọ́. Kí wọ́n gbá ọtí kúrò nílé pátápátá, kódà èyí tí bàbá fi pamọ́ fún àlejò. Kí wọ́n má ṣe san gbèsè onísódábì fún un ní bòókẹ́lẹ́, kí wọ́n má sì ṣe máa parọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ nítorí rẹ̀. Kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ tó lè ṣe parí lójúmọ́ kan: kí ó mú ọmọ lọ sílé ìwé, kí ó pọn omi, kí ó tún ilẹ̀kùn ṣe. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í tinú ọ̀rọ̀ wá, inú iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n rí tó parí ló ti ń wá. Kí ìyàwó tàbí ìyá tó ń ṣọ́ ọ náà rí ẹni tí yóò máa sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún, nítorí ó máa ń rẹ ẹni tó ń gbé ẹlòmíràn.

Nígbà tí oṣù kẹta bá pé, iṣẹ́ kò tíì parí, ṣùgbọ́n ó ti yí padà. Kì í ṣe ara ni wọ́n ń bá jà mọ́; ọ̀rọ̀ wá kan iṣẹ́, ọ̀rẹ́, gbèsè àti ohun tí ẹni náà fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe. Kí ó padà lọ rí dókítà rẹ̀ ní àsìkò yìí bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá, nítorí ìbànújẹ́ ọkàn tó ti wà kí ọtí tó wọlé lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fara hàn báyìí, òun náà sì ní ìtọ́jú. Kí àwọn ará ilé sì jókòó kí wọ́n jọ gbé e yẹ̀ wò: èwo nínú ètò wa ló ṣiṣẹ́, èwo ni kò ṣiṣẹ́, ta ni yóò máa bá a rìn ní oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀?

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kan ẹnìkan nílé yín, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí yóò búra. Ẹ pè é lálẹ́ òní nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá, ẹ jọ ka iye tó ń mu, ẹ sì fi ọjọ́ sí i tí ẹ máa jọ lọ sí ilé ìwòsàn.